Orúkọ Tí Dàpọ̀ Bọ́ Sílẹ̀

Ẹni tó ń pe Ọládàpọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn mọ orúkọ náà pè jù. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà á nìyẹn. Láti ọdún mẹ́ta tó ti dé Calgary, kò tíì rí òyìnbó tó pe orúkọ rẹ̀ tí kò dà bí ẹni tó ń rún eegun lẹ́nu. Níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Foothills, "Dappo" ni gbogbo wọn ń pè é. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Tuesday kan, lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì ti dúró tì í títí ó fi lo oògùn rẹ̀ tán, tó sì ti gba ilẹ̀kùn iwájú jáde, tó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn veranda lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ọládàpọ̀," gẹ́lẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń pè é. Dàpọ̀ kò dáhùn. Ó yọjú lójú fèrèsé. Snow tó rọ̀ láàárọ̀ ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú ilẹ̀kùn veranda náà, kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan lórí rẹ̀.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló gbé e dé ilé náà, irú èyí tí oògùn kì í tètè ràn. Nínú basement kan, yàrá abẹ́ ilẹ̀, ní ìgboro Calgary ni òun àti Fẹ́yìsayọ̀ ìyàwó rẹ̀ ń gbé, oyún Fẹ́yìsayọ̀ sì ti wọ oṣù kẹjọ. Dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ jọ mí afẹ́fẹ́ kan náà. Níbi tí wọ́n ti ń wá ibi tí yóò forí pamọ́ sí ni ẹgbẹ́ aláàánú àwọn Júù kan, tó ní ilé lẹ́bàá ìlú Cochrane, ti ní kó máa bọ̀, kò ní san nǹkan kan.

Ilé ọ̀hún ní ìtàn. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ikọ́ ẹ̀gbẹ ń pa àwọn Júù tó sá wá láti Russia àti Poland, àwọn télọ̀ àti àwọn tó ń kiri ọjà, tí kò sí ilé ìwòsàn tó fẹ́ gbà wọ́n. Àwọn ìyá inú ẹgbẹ́ náà ló dá tọ́rọ́-kọ́bọ̀ jọ tí wọ́n fi kọ́ ilé yìí fún àwọn èèyàn wọn. Kò sí oògùn nígbà náà. Wàrà, ẹyin àti atẹ́gùn ni oògùn. Wọ́n á tẹ́ aláìsàn sórí veranda nínú òtútù tó lè gé etí ẹni, wọ́n á fi blanket dì í bí ẹ̀kọ, wọ́n á sì máa retí ohun tí Ọlọ́run máa ṣe.

Mummy Esther, ìyá arúgbó tó ń tọ́jú ilé náà, ló sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Lójoojúmọ́ ló ń gbé ọbẹ̀ gbígbóná wá, tí yóò fi mask bo ẹnu, tí yóò sì jókòó sí ìta fèrèsé tí wọ́n á jọ máa sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kẹta, Dàpọ̀ bi í bóyá ó mọ ẹni tó ń pe òun. Ìyá náà dìde, ó lọ gbé ìwé ńlá kan jáde. Orúkọ àwọn aláìsàn àtijọ́ ló kún inú rẹ̀, wọ́n sì ti fa ìlà gba àárín púpọ̀ nínú wọn, wọ́n kọ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní bí àìsàn bá ti kọjá agbára dókítà, èèyàn mẹ́wàá á péjọ, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á sọ aláìsàn ní orúkọ tuntun tó ní ìyè nínú, kí ẹni tí a fi orúkọ àtijọ́ rán níṣẹ́ má bàa rí ẹni mú.

Dàpọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n ṣe é fún òun. Ẹ̀rù ba ìyá náà. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà òun sùn lórí veranda yẹn rí, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, ara rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ kan tó wà lókèèrè bímọ, kò mọ nǹkan kan, ó sì sọ ọmọ náà ní orúkọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀. Ọmọ náà kò lò ju oṣù kan lọ. Ẹ̀gbọ́n náà pé àádọ́rùn-ún ọdún, kò sì sí ọjọ́ kan tí kò sunkún ọmọ yẹn.

"No living child," ni Mummy Esther wí jẹ́jẹ́, pé ọmọ alààyè kankan ò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ tí Dàpọ̀ bá bọ́ sílẹ̀. "Promise me."

Dàpọ̀ ṣèlérí. Ẹni tí omi ń gbé lọ, kí ni kò ní ṣèlérí?

Lọ́jọ́ kejì, arúgbó mẹ́wàá dúró nínú snow níwájú fèrèsé rẹ̀, wọ́n ń ka Sáàmù. Dúrójayé ni orúkọ tí Dàpọ̀ mú, orúkọ tí àwa fi ń bẹ àbíkú. Àwọn arúgbó náà tiraka pẹ̀lú rẹ̀ títí ó fi yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu díẹ̀. Ṣùgbọ́n aláìlójú-ẹsẹ̀ yẹn kò lọ. Ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń kan fèrèsé, ó ń yí ilé po bí ẹni tí wọ́n júwe ilé fún lódì. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń bá ikọ́ Dàpọ̀ jáde.

Fẹ́yìsayọ̀ bí ọmọkùnrin. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, àwọn èèyàn pé sínú basement. Dàpọ̀ wà lórí fóònù láti Cochrane, ìyá rẹ̀ wà lórí fóònù láti Ìlá. Oníkálukú ń mú orúkọ tirẹ̀ wá bí a ṣe ń ṣe é. Inú ti ń bí ìyá Dàpọ̀ láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti ní kó má pe òun ní Ọládàpọ̀ mọ́.

"Èmi ò lè jẹ́ kí orúkọ tí olóògbé ọkọ mi fi sílẹ̀ nù báyẹn," ni ìyá wí nígbà tó kàn án. "Ọmọ ọmọ mi, Ọládàpọ̀ ni wàá máa jẹ́."

Gbogbo ilé ṣe àmín. Fẹ́yìsayọ̀ náà ṣe é, torí Dàpọ̀ ti sọ fún un pé òun pààrọ̀ orúkọ, ṣùgbọ́n kò sọ ìtàn ọmọ tó kú yẹn fún un. Fóònù Dàpọ̀ wà lórí mute. Ìka kan péré ni ì bá fi tẹ̀ ẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò dáa kéèyàn dójú ti ìyá ẹ̀ láàárín àwùjọ, pé tó bá yá òun á bá wọn yọ orúkọ náà. Irọ́ ló ń pa. Àwọn àgbà ní bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti gbọn tiwọn tán, wọn ò ní bojú wo ọ̀dọ̀ ọmọ mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn. Dàpọ̀ jókòó, ó ń tẹ́tí. Ó mọ ibi tí ẹni náà gbà lọ, ó sì sùn dáadáa lálẹ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méjì. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí àyẹ̀wò rẹ̀ fi mọ́ lẹ́ẹ̀mẹta léra. Ẹnu ya àwọn dókítà, wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Ọjọ́ kẹta tó délé ni Mummy Esther pe Fẹ́yìsayọ̀ lórí fóònù pé òun wà níta, pé òun hun blanket fún ọmọ tuntun. Fẹ́yìsayọ̀ wọ bàtà, ó gba àtẹ̀gùn inú ilé gòkè lọ pàdé rẹ̀. Bó ṣe jáde báyìí ni ẹnìkan kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tó wọ basement lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ti ń wá ilé náà kiri láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

"Ọládàpọ̀."

Dàpọ̀ dúró sáàárín ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Wọ́n tún pè é. Láti inú bẹ́ẹ̀dì, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù kan dáhùn. Kì í ṣe ẹkún. Ó kàn ní "hùn," bí àgbàlagbà tí wọ́n pè láti yàrá. Lẹ́yìn náà ló húkọ́, èémí rẹ̀ sì há.

"Èmi ni" kò gùn jù láti sọ. Dàpọ̀ la ẹnu, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n.

"Dúrójayé lèmi," ó wí. "Ẹni tẹ́ ẹ ń wá wà nínú ilé."

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, ó yẹra. Kò rí ẹnikẹ́ni. Òtútù kan kàn kọjá lára rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà.

Fẹ́yìsayọ̀ ń sáré bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mummy Esther ti béèrè orúkọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ níta, ó sì ti sọ gbogbo ìyókù fún un. Fẹ́yìsayọ̀ rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó rí ètè ọmọ rẹ̀ tó ti dúdú, ó rí ọkọ rẹ̀ tó fara ti ògiri. Ó gbé ọmọ, ó kọjú sí ibi òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ṣì yín lọ́nà. Adéolúwa lọmọ mi ń jẹ́, èmi ìyá ẹ̀ ni mo sọ ọ́." Ó nàka sí ẹ̀yìn láìbojú wẹ̀yìn. "Ọládàpọ̀ ló dúró sídìí ilẹ̀kùn yẹn. Ọkọ mi ni. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

"Fẹ́yì, please," Dàpọ̀ ní. "Má ṣe báyìí."

"Ọládàpọ̀," ó pè é, ketekete.

Ọmọ náà fa èémí wọlé, ó bú sẹ́kún. Ikọ́ mú bàbá rẹ̀ níbi tó dúró sí, ó tẹ̀ ẹ́ sórí eékún, ẹ̀jẹ̀ sì tú sára kápẹ́ẹ̀tì. Ó ń rákò bọ̀, ó ń dárúkọ Dúrójayé léraléra, ohùn rẹ̀ ń kéré sí i. Fẹ́yìsayọ̀ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó kẹ̀yìn sí i, ó sì fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú.