Kókó Tí Kyesun Ta sí Ọwọ́ Ara Rẹ̀

Ìwọ tí o ń ka ìwé pélébé yìí, fi ara balẹ̀ gbọ́ ìtàn obìnrin kan tí okùn ọwọ́ ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Ó ṣeé ṣe kí irú okùn náà wà ní ọrùn ọwọ́ tìrẹ.

Obìnrin òkun ni Bu Kyesun, ní erékùṣù Jeju ní ilẹ̀ Kòríà. Ogún ọdún ni ó ti ń rì wọ inú omi pẹ̀lú èémí àyà rẹ̀ nìkan, tí ó ń fi irin pẹlẹbẹ ṣí ìgbín òkun kúrò lára àpáta. Kò sí ẹni tí ó ń pẹ́ nísàlẹ̀ tó o, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Okùn ni wọ́n fi ń so irin náà mọ́ ọwọ́. Àwọn yòókù a máa so ó lọ́nà tí yóò fi tètè tú, kí ọwọ́ lè yọ bí ìgbín bá fún irin mọ́ àpáta. Kókó líle ni Kyesun ń ta ní tirẹ̀, kí irin rẹ̀ má baà sọnù.

Ko Malja, àbúrò rẹ̀ nínú iṣẹ́, a máa tẹrí ba lórí àpáta láràárọ̀ kí ó tó wọ omi.

“Malja, ṣé ẹja lò ń kí ni?” ni Kyesun wí. “Kí o tó ṣe àmín, a ti kó ìgbín tán.”

“Ẹni tó lòkun ni mò ń kí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo oòrùn lórí omi yẹn. Ṣé ẹ̀yin lẹ tàn án?”

“Mi ò tan oòrùn. Àyà mi ni mo fi ń rì, ẹnikẹ́ni ò bá mi mí.”

“Èémí ọ̀hún ńkọ́, ta ló fún yín? Ẹ tiẹ̀ tú kókó yẹn ná, ẹ jọ̀ọ́.”

“Gbójú kúrò lára kókó mi.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, èémí Kyesun ti ń tán, ó sì ti ń gòkè bọ̀, nígbà tí ó rí ìgbín kan tí ó fẹ̀ tó àwo ìrẹsì. Òfin àwọn obìnrin òkun ni pé kí ó fi í sílẹ̀, kí ó lọ mí. Ó yí padà. Ó ki irin bọ abẹ́ rẹ̀. Ìgbín náà mọ̀ ọ́n lára, ó sì lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ àpáta.

Ó fà á, irin kò yọ. Ó tún fà á, kókó fún mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbójú sókè, ó rí akèrègbè tí ó fi ń léfòó, ó rí oòrùn lójú omi. Wọ́n sún mọ́ ọn bí àjà ilé, kò sì lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà náà ni ó rántí pé láti ogún ọdún, òun kò dúpẹ́ èémí kan ṣoṣo rí. “Olúwa,” ni ó wí nínú ọkàn rẹ̀. Kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn fi kún un.

Bí obìnrin òkun bá yọrí, èémí rẹ̀ a máa jáde bí súfèé, olúkúlùkù wọn sì mọ súfèé ẹnìkejì. Malja fetí sílẹ̀, kò gbọ́ ti Kyesun. Ó rì tọ̀ ọ́ lọ, ó fi dòjé tí wọ́n fi ń gé ewé òkun gé okùn náà, ó sì fà á gòkè sójú omi.

Níbi tí àwọn obìnrin òkun ti ń yáná láàárín ògiri òkúta ní etí òkun, ìyá àgbà kan nínú wọn ní, “Ìgbín ló kù díẹ̀ kó fi ọ́ jẹun lónìí.” Kyesun kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ojú ọgbẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

“Malja, mo fà á títí. Bí mo ṣe ń fà á ló ń mú mi.”

“Ẹni tó há kì í tú ara ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Èmi mú dòjé wá. Ẹ̀mí ara rẹ̀ ni Jésù fi lélẹ̀ láti tú wa.”

Kyesun sunkún. “Kọ́ mi ní ohun tí mo máa sọ fún un.”

Ní ọjọ́ kejì, àwọn méjì ni wọ́n tẹrí ba lórí àpáta. Láti ìgbà náà, bí súfèé Kyesun bá dún lójú omi, ọpẹ́ ni.

Ìwọ ńkọ́? Kí ni o fi ọwọ́ ara rẹ ta ní kókó? Ọtí ni, tàbí ìgbéraga, tàbí ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀? O ní ìwọ yóò tú u lọ́la. Ọdún mélòó ni o ti ń fà á? Kò sí ọ̀la nísàlẹ̀ omi. O mí bí o ti ń ka ìlà yìí, ìwọ kọ́ ni o sì fún ara rẹ ní èémí náà. Kí ó tó jáde tán, fi í pe Ẹni tí ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá ọ.