Aṣọ Funfun Tó Wà Lẹ́yìn Òdòdó

Ọkùnrin gíga kan ló dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lábẹ́ igi òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Áké, ó gbé kámẹ́rà lé ojú, ó ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun sẹ́yìn òdòdó náà. Kùdírátù, ọmọ Àlájì Ṣéhù aláṣọ ní Kemta, ru ẹrù àdìrẹ bọ̀ láti Ìtòkú, ó dúró wò ó. Kùdírátù tí ara rẹ̀ kì í gbé ojú kan, òun ló dúró! Nǹkan ti ṣe é nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni òdòdó yìí ṣe fún yín tẹ́ ẹ fi ń dọ̀bálẹ̀ fún un?"

Ọkùnrin náà kò gbójú sókè. "Ó sàn ju èèyàn lọ. Kì í da ìbéèrè boni."

"Kì í sì í dánilóhùn. Ẹ máa bá a sọ ọ́ lọ."

Ó bú sẹ́rìn-ín, kámẹ́rà mì, fọ́tò bàjẹ́. Theophilus lorúkọ rẹ̀, ó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kékeré kan ládùúgbò náà. Fọ́tò ìyàwó àti ti ọmọ tuntun ló ń yà jẹun, ṣùgbọ́n òdòdó ni kì í jẹ́ kó sùn: òdòdó tó mọ́lẹ̀ gbòò, tí kò ní òjìji, tí funfun yí ká, bí ẹni pé inú ìmọ́lẹ̀ ló ti hù.

"Ẹ kọ́ mi," ni Kùdírátù wí.

Ó ti kọ́ aṣọ rírán, ó ti kọ́ táípù, kò sí èyí tó lo oṣù mẹ́ta nídìí rẹ̀. Èyí ló wá dè é mọ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, á ti máa wá òdòdó kiri. Nígbà tí fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, gbogbo òdòdó inú rẹ̀ rí bí eérú. Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

"Abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà lo gbọ́ tirẹ̀," ni Theophilus sọ. "Ojo ni abẹ́rẹ́ yẹn, Kúdí mi. Bó bá ti rí funfun, á pariwo pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á ní kó o fún ojú kámẹ́rà pa. Má dá a lóhùn. Ṣí i sí i, lẹ́ẹ̀mejì."

Láti kékeré ni wọ́n ti ń ní kí Kùdírátù rọra, kó panu mọ́, kó jókòó. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣí ohunkóhun sí i rí. Ọjọ́ náà ni ìfẹ́ wọ̀ ọ́ lára.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Theophilus wá tọrọ rẹ̀, Àlájì kò jẹ́ kó jókòó. "Onífọ́tò tó ń dọ̀bálẹ̀ fún òdòdó? Tó tún jẹ́ onígbàgbọ́? Má gbẹ́sẹ̀ wá sí Kemta mọ́!"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Kùdírátù fi ń rìn síwá sẹ́yìn nínú ilé bí adìẹ tó fẹ́ yé. Ó rò pé bí Bàbá bá fojú rí fọ́tò kan tó pé, ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Aṣọ tó funfun jù nílé ló wá kiri, inú àpótí Bàbá ló sì ti rí i: aṣọ tí Àlájì ró lọ́jọ́ Àráfà ní Mẹ́kà, tó fọ̀ pamọ́ pé òun ni kí wọ́n fi sin òun.

Nígbà tí Àlájì lọ kírun Aláásárì, Kùdírátù ránṣẹ́ pe Theophilus. Kò sọ ibi tí aṣọ ti wá fún un. Wọ́n ta á sẹ́yìnkùlé, wọ́n tẹ́ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí erùpẹ̀ má baà hàn. Kùdírátù já òdòdó funfun kan. Tó, tó, oje kán sórí aṣọ. Ọmọ aláṣọ ni. Ó mọ̀ pé oje kì í kúrò lára aṣọ.

"Ta ló gbé aṣọ ikú mi jáde?"

Àlájì ló ti ìrun dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Theophilus wo aṣọ, ó wo Kùdírátù, ó yé e. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Èmi ni, Bàbá."

"Irọ́ ló ń pa!" ni Kùdírátù ké. "Kò mọ̀ rárá. Èmi ni mo jí i."

"O tún dọ̀bálẹ̀," ni Àlájì wí fún Theophilus. "Ṣé bó o ṣe ń ṣe fún òdòdó nìyí?"

"Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ fún òdòdó, Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí òdòdó ńkọ́?"

Àlájì wúkọ́. Ẹ̀rín ló ń fi ikọ́ bò.

"Ìrun ọmọ mi ńkọ́?"

"Kò ní fi í sílẹ̀. Èmi ni n ó máa bu omi àlùwàlá fún un."

Àlájì tẹ̀ ba, ó fọwọ́ kan ojú oje náà.

"Ẹ má fọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa dì mí sínú rẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó sì jọ dúró tì mí lọ́jọ́ náà, ọmọ àti àna." Ó yíjú padà wọlé. "Oòrùn ń lọ. Ẹ yà á, kí n rí ohun tó ba aṣọ mi jẹ́."

Theophilus kò tíì dìde nílẹ̀; ó na ọwọ́, ó di òdòdó náà mú kí atẹ́gùn má mì í. Kùdírátù gbé kámẹ́rà lé ojú. Abẹ́rẹ́ fò sókè, ó ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù.

Kò dá a lóhùn. Ó ṣí i sí i, lẹ́ẹ̀mejì.