Èébì Òwúrọ̀

Àrìnkẹ́ tún bì lẹ́yìn kíláàsì. Sìlífátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé wọn ní Ìkòsí, di apá rẹ̀ mú kó má baà ṣubú.

"Orí ń fọ́ mi, Sìlífá. Mo ń rí tíṣà ní méjì méjì."

"Sọ fún bàbá ẹ."

"Mo sọ. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni mí."

Ọ̀lẹ kọ́. Lọ́dún 1956 yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀wé tó Àrìnkẹ́ ní kíláàsì wọn. Sìlífátù ló máa ń tẹ̀ lé e, ọmọ kan ṣoṣo sì ni ìlú fẹ́ rán lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Nígbà tó yá, Àrìnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó mẹmu yó. Àwọn obìnrin Kétu, àdúgbò wọn, tí wọ́n ń rí i tó ń bì láràárọ̀, ń wo ikùn rẹ̀. Àjíṣafẹ́, bàbá rẹ̀, ránṣẹ́ pe Sìlífátù.

"Ìwọ lo mọ àṣírí ẹ̀. Ṣé ó lóyún ni?"

Àrìnkẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Sìlífátù mọ̀ pé orí ló ń dà á láàmú. Ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì ló wà lọ́kàn rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ó ní ọkùnrin kan tó ń fẹ́."

Pàṣán kò sinmi lọ́jọ́ náà. "Dárúkọ ẹ̀!" Orúkọ ta ni Àrìnkẹ́ fẹ́ dá? Wọ́n yọ ọ́ nílé ìwé, wọ́n tì í mọ́ yàrá, wọ́n ń retí kí ikùn yọ. Ikùn kò yọ. Ojú ló fọ́.

Ìgbà náà ni wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù kan l'Ékòó. Dókítà tan iná kékeré sínú ẹyinjú rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Oyún kọ́ o, Bàbá. Kókó ló hù nínú ọpọlọ rẹ̀. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Òun ló fọ́ ọ lójú, òun náà ló ń mú un bì."

"Ẹ bá wa yọ ọ́, Dókítà."

"Kò sẹ́ni tó ń la agbárí níbí. Ká ní ẹ tètè mú un wá ni, à bá wá ọ̀nà gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní báyìí, kò lè débẹ̀ láàyè."

Sìlífátù yege ìdánwò kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nígbà tó lọ kí Àrìnkẹ́, Àrìnkẹ́ na ọwọ́ síbi tó ti gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Sìlífá, bá mi sọ fún wọn pé n kò mọ ọkùnrin kankan."

Sìlífátù bú sẹ́kún, ó jẹ́wọ́ fún Àjíṣafẹ́. Bàbá náà kò pariwo.

"Ìwọ lo pa irọ́, èmi ni mo nà án. Jáde nílé mi."

Àrìnkẹ́ kú kí ọyẹ́ tó dé. Sìlífátù wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tó kà níbẹ̀ tó lè mú irọ́ kan ṣoṣo yẹn padà sẹ́nu rẹ̀. Ẹyin lohùn: bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi irọ́ ra ipò. Ẹ̀mí ọmọnìkejì yín lè jẹ́ owó rẹ̀.