Ìpè Inú Àwo Japhet

Àpótí ìjókòó màmá wọn ni Ìbídùnní kọ́kọ́ kíyè sí. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló gbé e sí lẹ́yìn ìsìnkú ìyá náà, ó sì da aṣọ bò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé láti ibi tó ti lọ pọnmi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àpótí ti wà lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ sì wà lórí rẹ̀ ní kíká, bí ìyá náà ṣe máa ń ká aṣọ gan-an, etí sínú. Kò sí ẹlòmíì nílé. Gírámafóònù tó fi sílẹ̀ tó ń kọrin nìkan ló ń dún.

Aránṣọ ni Ìbídùnní ní Òsì. Ẹni tó ń tú màṣíìnì palẹ̀ tó sì ń tò ó padà kì í tètè pe nǹkan ní iwin. Ó ní bóyá ewúrẹ́ ló ti àpótí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ wo ló ń ká aṣọ?

Àbúrò rẹ̀, Japhet, ló fi àwo tó ń kọrin náà ránṣẹ́ láti Èkó. Ó ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ìràwọ̀ Ọ̀sán, àwọn ọmọkùnrin tí irun orí wọn rí bí ìtẹ́ ẹyẹ, tí orin wọn kò jọ ti ẹnì kankan. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é, àmọ́ èèyàn á gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìlọta nínú rẹ̀, á gbọ́ ìgò tó ń fọ́, á gbọ́ gìtá tó ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn. Àwo ńlá àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò nìyí, lọ́dún 1977. Inú ìlú dùn. Ògúndípẹ̀ ọlọ́tí tó wà lódì kejì ọ̀nà pàápàá ra tiẹ̀.

“Ṣé orin nìyí, àbí wọ́n ń pa ẹlẹ́dẹ̀?” Hùmúàní tó ń ta obì béèrè lọ́wọ́ Ìbídùnní.

“Orin ìgbàlódé ni, ìyá Jímọ́ọ̀.”

“Kí ìgbà yẹn tètè lọ o.”

Orin tó kẹ́yìn lójú kejì ni Ìbídùnní ń tún gbọ́ ṣáá, nítorí ohùn òun gan-an ló wà níbẹ̀. Ní ìdílé wọn, bí wọ́n bá fẹ́ gbé òkú ìyá jáde, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fi oríkì pè é. Kò sí “ẹ”, kò sí “yín” níbẹ̀. Orúkọ lásán ni. “Àwẹ̀ró o! Àwẹ̀ró, gbọ́ mi, dá mi lóhùn!” Kátíkíìsì á ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọ á pa ìpè dé: “A ò pè ọ́ mọ́ o. Má wẹ̀yìn, lọ sinmi.”

Ìyá wọn, Susanna, tí oríkì rẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀ró, nílò ìsinmi yẹn. Iṣu tó ń rù lọ sọ́jà Odò-Ọwá ló mú ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí kò fi lè sùn mọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ. “Ìbídùnní, ṣá ti jẹ́ n ríbi na ẹsẹ̀ sí,” ohun tó sọ kó tó kú nìyẹn. Ìbídùnní sì ṣèlérí fún un.

Japhet gbé tẹ́ẹ̀pù wá síbi ìsìnkú, ó gba ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Nínú àwo, ìpè náà á lọ, á tún padà, á tún lọ, láàárín gìtá. Kì í ṣe ìyẹn ló ń ya Ìbídùnní lẹ́nu. Ẹnì kan ń dáhùn.

Ohùn kékeré ni. “Oò.” Nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó dà bí ẹni tó wà lódì kejì odò. Nígbà tó tún un gbọ́, ó ti dé ẹ̀yìn ọgbà. Ó fi aṣọ rírọ̀ nu àwo. Ó pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Ó gbé ẹ̀rọ náà síta sábẹ́ igi ọsàn, bóyá ògiri ló ń dá ohùn padà. Lábẹ́ ọsàn, ohùn náà tún sún mọ́ ọn sí i. Kò tíì ráyè bẹ̀rù. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ó ké sí Hùmúàní.

Hùmúàní tẹ́tí. Obì dúró lẹ́nu rẹ̀.

“Ta ló ń dá ọ lóhùn yẹn?”

“Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ?”

“Mo gbọ́ ọ.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ìbídùnní, inú àwo kọ́ ló ti ń wá o. Ẹ̀yìn wa ni.”

Ó gbé igbá obì rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìkórè dé, àwọn ará Èkó sì wálé. Eruku ọ̀nà Ìlọfà ti kun irun Japhet ní pupa.

“Àǹtí mi, ẹ ti di ìlú-mọ̀ọ́ká! Ohùn yín ń dún ní Yábàá!”

“Jókòó. Ta lẹ fi sí i tó ń dáhùn?”

“Dáhùn kẹ̀? Ohùn yín nìkan ló wà níbẹ̀.”

“Ìparí ìpè náà ńkọ́? N kò gbọ́ ọ.”

Japhet rẹ́rìn-ín. “Ó gùn jù. Ọ̀gá sítúdíò ní ibi tó gbóná ni ká mú. A fi réésà gé ‘má wẹ̀yìn’ kúrò lára tẹ́ẹ̀pù, a wá so orí rẹ̀ mọ́ ìdí, kó lè máa yí po.”

Ìbídùnní wò ó títí ẹ̀rín fi kúrò lójú rẹ̀.

“Japhet, ẹ pe Yèyé, ẹ ò wá ní kó máa lọ.”

“Orin ni, Àǹtí.”

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?”



Ohun tó bá tú, rírán là á rán an. Ìbídùnní gbé gírámafóònù náà sẹ́nu ọ̀nà níyálẹ̀ta, níbi tó dúró sí lọ́jọ́ ìsìnkú, ó gbé àwo sí i. Bí ohùn rẹ̀ ṣe ní “dá mi lóhùn” báyìí, ó gbé abẹ́rẹ́ kúrò lójú àwo. Ilé pa lọ́lọ́.

“Oò,” ẹnì kan wí lẹ́yìn wọn, bí ẹni tó ti ń dáhùn tipẹ́.

Ìyá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Eruku ti sọ aṣọ funfun tí wọ́n fi sin ín di pupa dé orúnkún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú ju ti ayé rẹ̀ lọ, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti là. Japhet lẹ̀ mọ́ ògiri. Kò sí ìbínú lójú ìyá náà; ó ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè, tí wọn kò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún un.

Ó wu Ìbídùnní kó ní kí ìyá náà jókòó. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé tó bá jókòó, kò ní lọ mọ́.

“A ò pè ọ́ mọ́ o, Àwẹ̀ró. Má wẹ̀yìn, lọ sinmi.”

Ìyá náà mí kanlẹ̀. Èjìká rẹ̀ rọ̀. Ó gba àárín wọn kọjá, òórùn òrí àti ilẹ̀ tútù tẹ̀ lé e, ó kọjú sí ọ̀nà ìtẹ́ òkú. Japhet bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ìbídùnní di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó rò pé ó ti parí.

Lódì kejì ọ̀nà, Ògúndípẹ̀ fẹ́ dá àwọn àlejò Ìkórè lára yá. Ó gbé àwo ọmọ ìlú sí i.

“Àwẹ̀ró o! Àwẹ̀ró, gbọ́ mi, dá mi lóhùn!”

Ìyá náà dúró.

“Lọ pa á!” Ìbídùnní ti Japhet. “Sáré!”

Ọmọkùnrin náà kò mira. “Àǹtí mi,” ó wí jẹ́jẹ́, “wọ́n ń tà á ní Ìbàdàn. Wọ́n ń tà á ní Kánò. Wọ́n ti kó lára rẹ̀ wọ ọkọ̀ òkun.”

Ìyá náà yí orí sí ọ̀nà Ìlọfà, ó tún yí i sí ọ̀nà Odò-Ọwá, bí ẹni tí ìpè ń ti ibi gbogbo wá bá.

“Oò,” ó ní. “Oò. Mò ń bọ̀.”

Ó gbé ẹsẹ̀ wíwú náà sójú títì. Ìbídùnní sáré tẹ̀ lé e, ó pariwo pé a ò pè ọ́ mọ́, a ò pè ọ́ mọ́ o. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tó wà nínú àwo lágbára ju èyí tó wà lọ́fun rẹ̀ lọ, ti inú àwo yẹn sì ni ìyá náà ń dá lóhùn.