Àrùn Kẹ̀kẹ́ Tí Basheerah Ò Sọ

"Ẹ yà lọ́nà o! Ó ń bọ̀!"

Àwọn tó dúró nísàlẹ̀ pápá sáré bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Basheerah já wá láti orí òkè lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gun gegele àkọ́kọ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gun èkejì, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó dé kọ́nà ńlá tí wọ́n mọ yẹ̀pẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ògiri, ó fi kẹ̀kẹ́ dẹ̀gbẹ́, ó yí i, kò sì fẹsẹ̀ wa á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Adùn ọ̀nà yẹn nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gùn kì í wa kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Yóò kàn máa fara tẹ̀lé ilẹ̀ ni, ilẹ̀ yóò sì máa gbé e lọ.

Ẹ má rò pé ìlú òyìnbó ni mo ń sọ o. Surulere níbí ni, lẹ́yìn kánààlì, níbi tí àwọn tó ń ṣe títì da yẹ̀pẹ̀ pupa jọ sí, tí wọn ò sì padà wá kó o mọ́. Òkìtì náà ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀gbọ́n Sylvester, tó ti gun kẹ̀kẹ́ fún ìpínlẹ̀ nígbà kan rí, ló tọrọ ibẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Òun àtàwọn ọmọ àdúgbò fi ṣọ́bìrì gé e, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, títí ó fi di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sókè sódò bí omi òkun. Ọ̀nà Ìgbì ni wọ́n sọ ọ́. Kẹ̀kẹ́ tí mo sì ń wí yìí, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé èrò o. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ara gbogbo wọn ò balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Sylvester fẹ́ mú ọmọbìnrin kan ṣoṣo lọ síbi ìdíje àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Jos, níbi tí òkè gidi wà. Ẹni tó bá yára jù lọ ni yóò lọ, bàálù ni wọ́n sì máa wọ̀. Basheerah, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ò tíì kọjá Abẹ́òkúta rí láyé rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Alfa Tìrìmísíyù, ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ní Mushin. Kẹ̀kẹ́ kún ilé wọn dẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tí kẹ̀kẹ́ gbé dé ibì kankan nínú wọn. Basheerah fẹ́ Jos yìí débi pé ó ń lálàá rẹ̀.

"Ó dára gan-an!" Ẹ̀gbọ́n Sylvester wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ìwọ lo ṣíwájú. Ó ku Christabel nìkan."

Àyà Basheerah já. Christabel nìkan ló lè borí rẹ̀ ní gbogbo pápá yẹn, òun náà sì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ. Ọmọ tíṣà ni, Yaba ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí Basheerah kọ́kọ́ dé pápá, tí kò ní akoto tí yóò fi bo orí, Christabel ló ń ṣí tirẹ̀ fún un. Bí ọ̀kan bá gùn ún tán, á ṣí akoto, á gbé e fún ìkejì, wọ́n á jọ máa rẹ́rìn-ín pé òógùn àwọn ti di ọ̀kan náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn fún oṣù mélòó kan, kí Alfa Tìrìmísíyù tó rí akoto kan rà fún ọmọ rẹ̀.

Àfi bí táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Christabel ṣe bẹ́ gbàù bó ṣe ń tì í lọ sókè. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tún un yẹ̀ wò, kò ṣe é dí. Ó sáré wá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Basheerah, jọ̀ọ́, yá mi ní tìẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

"Mú un," ni Basheerah wí. Báwo ló ṣe fẹ́ kọ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí kẹ̀kẹ́ náà ṣe rí. London ló ti wá, kò tíì pẹ́ tí Alfa Tìrìmísíyù já a nínú kọntéínà. Gbogbo kẹ̀kẹ́ yòókù lórí pápá, ọwọ́ ọ̀tún ni bíréèkì ẹ̀yìn wà, ọwọ́ òsì ni ti iwájú. Ti London yìí, òdìkejì ni: ọwọ́ ọ̀tún ló ń mú táyà iwájú. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti òkè, tó bá fún bíréèkì iwájú nìkan lójijì, ìdí kẹ̀kẹ́ á gbé sókè, á sì gbé onítọ̀hún jù síwájú. Lọ́jọ́ tí Basheerah kọ́kọ́ gùn ún, díẹ̀ ló kù kó fi eyín gbálẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ṣèlérí pé òun á yí i padà, iṣẹ́ ni kò jẹ́. Ó sì ti wá mọ́ Basheerah lára.

Òfin kan wà tí Ẹ̀gbọ́n Sylvester kì í fi ṣeré. Kò sí kẹ̀kẹ́ tí kò lárùn lórí pápá yẹn, nítorí tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn. Ṣéènì ti ẹnìkan ń fò, ìjókòó ti ẹlòmíràn ń yí. Nítorí náà, ẹni tó bá yá ẹnìkejì ní kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ sọ àrùn rẹ̀ fún un kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n Basheerah. Christabel ti de akoto, ó ti di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ó kù kí Basheerah sọ pé, "Bíréèkì ẹ̀ yàtọ̀ o." Gbólóhùn kan péré! Ṣùgbọ́n Jos wá sí i lójú, bàálù wá sí i lójú. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí Christabel bá tẹ èyí tí kò yẹ, yóò kàn ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ díẹ̀ ni, ó parí. Kò fẹ́ kí nǹkan kan ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó kàn fẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ lọ́nà ni. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, Christabel sì ti kẹ̀kẹ́ lọ sókè.

"Ṣé o ti sọ àrùn rẹ̀ fún un?" Ẹ̀gbọ́n Sylvester béèrè.

"Mo ti sọ, sà."

Christabel gbéra. Kí á má purọ́, ọmọ náà mọ kẹ̀kẹ́ gùn! Ó ń fara tẹ̀lé ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́ fún un. Basheerah rí i pé yóò borí òun. Bó ṣe fẹ́ wọ kọ́nà ńlá, Christabel fi ọwọ́ ọ̀tún fún bíréèkì bó ṣe máa ń ṣe, kó lè dín eré kù. Táyà iwájú dúró gbagidi. Ìdí kẹ̀kẹ́ gbé sókè, ọmọ fò kọjá lórí rẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú láti fi gba ara rẹ̀ dúró. Gbogbo wọn ló gbọ́ bí ọwọ́ náà ṣe ró.

"Yéè! Ọwọ́ mi o! Mọ́mì mi o!"

Ẹ̀gbọ́n Sylvester ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí àwọn yòókù tó mira. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Èwo lo tẹ̀?"

"Ọ̀tún ni mo tẹ̀... Ti ẹ̀yìn ni mo fẹ́ tẹ̀..."

"Basheerah ò kìlọ̀ fún ẹ ni?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Basheerah. Ààyè ṣì wà fún un láti sọ òótọ́ ní ìṣẹ́jú yẹn. Ẹ̀rù ni kò jẹ́.

"Mo sọ fún un, sà," ló wí.

Omi ń dà lójú Christabel. "Ó lè jẹ́ pé mi ò gbọ́ ni. Akoto ti wà létí mi. Basheerah, má bínú, mo ti ba kẹ̀kẹ́ bàbá ẹ jẹ́."

Háà! Ẹni tí wọ́n ṣẹ́ lápá ló ń bẹ ẹni tó ṣẹ́ ẹ! Ìbá sàn fún Basheerah ká ní ó bú u.

Egungun ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ló kán. Ní ọsibítù, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì funfun dì í títí dé ìgúnpá. Ẹ sì rántí pé Christabel wà ní kíláàsì àṣekágbá o. Ìdánwò WAEC ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló sì fi ń kọ̀wé.

Basheerah ni wọ́n mú fún Jos. Alfa Tìrìmísíyù yọ̀ títí, ó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ọmọ òun ni yóò kọ́kọ́ wọ bàálù nínú ẹbí. Nígbà tó ń tún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó wọ́ ṣe, ó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ṣé o sọ fún ọmọ yẹn pé ti London ni?"

"Mo sọ fún un, Bàbá."

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Ẹ kì í gbọ́rọ̀. Wo bó ṣe ṣe ara ẹ̀ léṣe lásán."

Irọ́ kì í dá gbé. Ó ti di mẹ́ta báyìí. Èyí tó wá burú jù ni ti àwọn ọmọ orí pápá. Wọ́n ti fún Christabel lórúkọ, Etí Ikún. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣàṣìṣe, wọ́n á ní, "Má di Etí Ikún mọ́ wa lọ́wọ́ o!" wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà tí Basheerah bá gbọ́ ọ, inú rẹ̀ á bàjẹ́. Jos tó ń wá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kò sì dùn mọ́ ọn. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́, ìyá rẹ̀ ń bi í léèrè bóyá ibà ló ń ṣe é.

Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó gba Yaba lọ. Ó bá Christabel nídìí tábìlì, ó ń fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ ara rẹ̀ lórí ìwé, ó ń rí gbágun-gbàgun bíi ti ọmọ jẹ́léósinmi. Mọ́mì rẹ̀ jókòó tì í, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ kú ilé, mà." Basheerah kúnlẹ̀, kò sì dìde.

"Ah-ah, dìde, ọmọ mi. O ṣeun tí o wá wò ó."

"Mà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀. Christabel, mi ò sọ fún ẹ."

"O ò sọ kí ni?"

"Ti bíréèkì. Mi ò sọ ọ́ rárá. Irọ́ ni mo pa fún Ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ kí o pẹ́ lọ́nà, kí n lè lọ sí Jos."

Pẹ́ńsù bọ́ lọ́wọ́ Christabel. Ó wò ó, wò ó.

"Ìwọ, Basheerah? Etí mi ni mo rò pé ó ń dùn mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń bi ara mi pé báwo ni mi ò ṣe gbọ́ ọ. Mo tiẹ̀ ní kí Mọ́mì mú mi lọ yẹ etí mi wò."

"A sì lọ," ni ìyá rẹ̀ wí. Kò ṣa ẹ̀wà mọ́. "Dókítà ní kò sí nǹkan kan tó ṣe etí ọmọ mi. Jos tí o tìtorí ẹ̀ ṣe é báyìí, Christabel ò lè lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ ìdíje yẹn bọ́ sáàárín ìdánwò rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé ìdánwò ló máa jókòó ṣe, ó sì ti gbà."

Basheerah yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, tí a bá ti gùn ún tán. Mo fẹ́ ká jọ díje ná, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé torí pé mi ò lọ ni wọ́n ṣe mú ẹ. Kódà ká ní mo borí, ìwọ náà lo máa lọ."

Basheerah bú sẹ́kún. Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ó di ẹsẹ̀ ìyá Christabel mú, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sọ pé ká ní òun mọ̀, ká ní òun mọ̀. Ta ni ò mọ̀ pé "ká ní mo mọ̀" kì í to egungun?

"Dìde," ni Christabel wí. Kò pariwo, kò sì bú u. "Mi ò bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, máa lọ sílé. Mo fẹ́ kàwé."

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, Basheerah dúró níwájú gbogbo ọmọ orí pápá, ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti sẹ́ni tó pe Christabel ní Etí Ikún mọ́. Ẹ̀gbọ́n Sylvester mú Basheerah kúrò, ọmọbìnrin tó tẹ̀lé e ló wọ bàálù lọ sí Jos. "Ẹ̀ẹ̀mejì lo purọ́ fún mi," ló sọ fún un, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alfa Tìrìmísíyù ò nà án. Ìbá sàn kó nà án. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó lọ tọrọ àforíjì ní Yaba nítorí ọ̀rọ̀ tóun náà ti sọ sí ọmọ ọlọ́mọ, nígbà tó sì dé, kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí.

Christabel fi ọwọ́ òsì ṣe ìdánwò. Kò rí ẹ̀kọ́ méjì kọ parí nínú rẹ̀, ó sì di dandan kó tún wọn ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti wọ yunifásítì.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló ń jẹ́ irọ́. Bí o bá mọ ohun tó lè pa ẹnìkejì rẹ lára, tí o dákẹ́ nítorí èrè tìrẹ, irọ́ lo pa yẹn, ìkà sì ni. Òótọ́ dára nígbàkigbà tó bá dé, ṣùgbọ́n èyí tó pẹ́ kó tó dé kì í tún gbogbo nǹkan ṣe. Ohun tí o sì ń fi ẹ̀tàn wá, ó lè jẹ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ ti fi í sílẹ̀ fún ọ tipẹ́.

Àwọn méjèèjì ṣì máa ń pàdé ní Ojú Ẹlẹ́gbà nígbà mìíràn. Christabel á dáhùn ìkíni, á tiẹ̀ bi í pé ilé ńkọ́, ṣùgbọ́n kì í dúró. Basheerah á máa wò ó títí yóò fi sọdá títì, á wù ú kó pè é padà, kò sì ní í mọ ohun tó kù tóun lè sọ.