Ọkọ̀ Tí Aránbàtà Bu Ẹnu Àtẹ́ Lù

Òjò ló lé Aránbàtà wọ ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ta ìwé ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ìrìnàjò kankan. Ó kàn fẹ́ kí òjò dá díẹ̀ kí ó lè sọdá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní òdìkejì títì. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó ń ta ìwé rò pé oníbàárà ni. Ó ní kí bàbá jókòó, ó sì fi ìwé pẹlẹbẹ kan tó kún fún àwòrán ọkọ̀ lé e lọ́wọ́.

Obìnrin kan ti wà lórí bẹ́ǹṣì náà ṣáájú rẹ̀, awò ojú rẹ̀ ń yọ̀ bọ̀ ní imú, bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàtà yẹn ni Aránbàtà kọ́kọ́ rí. Ìgbà tó wá gbójú sókè tó rí ẹni tó wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ bàtà kúrò lọ́kàn rẹ̀.

“Èwo lẹ̀yin ń wò nínú wọn?” ni obìnrin náà bi í.

Ì bá sọ pé òjò ni òun ń sá fún, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó fi ìka lé àwòrán tó sún mọ́ ọn jù. “Funfun yìí ni mo ṣì ń rò,” ló wí. Ẹ wo ẹnu tó ń sọ̀rọ̀! Ẹni tí kì í wọ ọkọ̀ sọdá odò lásán láìdijú, ẹni tí ẹ̀rù omi ti ń bà láti kékeré.

Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà. Ó ti fẹ̀yìn tì, ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì ti tọ́jú ara ẹlòmíràn títí orúnkún tirẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé. Ó ní òun fẹ́ rí agbami òkun kí ẹsẹ̀ òun tó kọ̀, ṣùgbọ́n òun kì í ra ẹ̀kọ inú ewé. “Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ,” ó ní, “ó yẹ ká wo ọkọ̀ náà ká tó sanwó.” Aránbàtà ní òótọ́ ni, pé kí ó máa kó àwọn ìwé náà bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù òun, kí àwọn jọ máa wò ó.

Bí ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ṣe di tiwọn nìyẹn. Aránbàtà á ti abẹ́rẹ́ àti òlù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á nu orí tábìlì, Nọ́ọ̀sì á sì tẹ́ àwọn ọkọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Títí di òní, bí Aránbàtà bá gbóòórùn gọ́ọ̀mù bàtà, àwọn ọ̀sán yẹn ló máa ń rántí. Ìgbà náà dùn, ẹ jẹ́ kí a má purọ́.

Ọkọ̀ kan ga bí ilé alájà púpọ̀. Aránbàtà ní ọjà ni wọ́n gbé sórí omi, pé kí Nọ́ọ̀sì tó rí àga jókòó, wọ́n á ti padà dé. Òmíràn kò ní ju àtẹ̀gùn lọ, orúnkún Nọ́ọ̀sì sì ńkọ́? Òmíràn kì í fojú kan ilẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Òmíràn tún rèé, abẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jó ni yàrá tó kù wà. Òótọ́ ni gbogbo àbùkù wọ̀nyí.

Àyàfi ti ẹyọ kan. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti rí ọkọ̀ kékeré kan tí ìdí rẹ̀ dúdú bí aró. Ó ní lífìtì, àwọn àgbà ló ń wọ̀ ọ́ jù, ojoojúmọ́ ló ń yà ní ìlú kan, yàrá tó kù sì wà láàárín gbùngbùn, níbi tí ìgbì kì í ti í mi ọkọ̀ púpọ̀.  Aránbàtà mọ̀ pé bí obìnrin yìí bá lè wo ọkọ̀ náà dáadáa, yóò sanwó lọ́la, Ọjọ́bọ̀ yóò sì padà di ọjọ́ lásán. Ló bá bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ó ní fèrèsé rẹ̀ dà bí ihò eku, ó ní ọkọ̀ tí imú rẹ̀ gùn tó báyẹn kò lè ní ìwà. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú, ó sì fi ìwé náà sábẹ́ àwọn yòókù.

Báyìí ni oṣù ń gorí oṣù. Ìfẹ́ obìnrin náà wọ Aránbàtà lára, ó ń rò ó jí, ó ń rò ó sùn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ nìkan ni ẹnu rẹ̀ gbà láti sọ.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan ni ọmọ Nọ́ọ̀sì, èyí obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, dá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó kí i dáadáa, ó ní ọ̀túnla ni wọ́n máa parí títa ìwé ọkọ̀ ti ọdún náà. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó gbé e wá.

“Bàbá, ẹ má bínú. Bàbá mi fẹ́ràn Màmá mi gan-an. Ìgbàkígbà tí Màmá bá dárúkọ òkun, wọ́n á ní kó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ yẹn la sin wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ fẹ́ Màmá mi, mi ò ní dí yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kejì tó máa ní kí wọ́n dúró, mi ò ní fọwọ́ sí i.”

Aránbàtà kò lè rán bàtà kankan mọ́ lọ́jọ́ náà. Ìtìjú mú un, ẹ̀rù sì bà á, torí ó rí i pé ìfẹ́ òun ti ń di ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì dé lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ aláró yẹn nìkan ló bá lórí tábìlì.

“Èyí lọkọ̀ yín,” ni Aránbàtà wí. “Láti ọjọ́ tí a ti rí i ni mo ti mọ̀. Kò sí nǹkan tó ṣe fèrèsé rẹ̀.”

“Kí ló wá dé tí ẹ fi ń bá a jà?”

“Torí mi ò fẹ́ kí ẹ lọ. Èmi ò sì wá ọkọ̀ kankan rí, òjò ló lé mi wọlé lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù omi ń bà mí. Mo nífẹ̀ẹ́ yín, mo sì fi ìfẹ́ náà dá yín dúró. Ẹ dákun, ẹ lọ sanwó.”

 Nọ́ọ̀sì ká ìwé náà, ó fi í sínú báàgì, ó jáde. Aránbàtà rí i tó wọ ọ́fíìsì òdìkejì, ó sì rí i tó jáde tó gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ láìwẹ̀yìn. Ọjọ́bọ̀ dé, kò wá. Òmíràn tún dé, kò wá.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ máa gbéra, Aránbàtà lọ sí èbúté láìpè. Nọ́ọ̀sì rí i láàárín èrò, ó wò ó títí, ó sì na báàgì rẹ̀ sí i. Wọ́n ti gbé afárá onípákó lé àárín ilẹ̀ àti ọkọ̀, omi dúdú sì ń hàn láàárín àwọn pákó náà. Aránbàtà gba báàgì náà, ó gbé e mọ́ àyà, kò wo ìsàlẹ̀, ó sì rìn ín dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀. Ó fi báàgì lé Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó kí i pé kó lọ re, kó bọ̀ re. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì ló fà á lọ́wọ́ padà sórí ilẹ̀. Kò sì tètè fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e kò tán bọ̀rọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ padà, Nọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ojú tí oòrùn ti pa dúdú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Kò dúró kí ọkùnrin náà bẹ̀bẹ̀.

“Gbogbo ẹni tí mo bá jókòó nídìí tábìlì ni mo sọ fún pé ọkọ mi wà nílé, ẹ̀rù omi ni kò jẹ́ kó wá,” ló wí. “Olówó orí mi, ẹ má sọ mí di òpùrọ́.”