Wáyà Tí Kò Gbé Iná

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlá, ẹni tó sọ ọ́ fún mi kò sì mutí kó tó sọ ọ́. Ẹni tó bá wù kó pè é nírọ́. Irọ́ kì í ṣẹ́ èèyàn lẹ́sẹ̀.

Rẹwáyà ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, nítorí wáyà ọkọ̀ àti ti alùpùpù ló ń tún ṣe. Ìjì ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, sáréfójúdi tó ń fi alùpùpù du ìje. Ìyá wọn ti kú, Rẹwáyà ló sì fi Ìjì lé lọ́wọ́. Ìje kù sí dẹ̀dẹ̀, alùpùpù tí wọ́n rà lákìtàn irin sì wúwo bí òjé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gé wáyà fèrè yẹn dànù. Kí ni mo fẹ́ fi fèrè ṣe lórí pápá? Ta ni n ó fọn ọ́n fún?"

"Fún orí ẹ tí kì í gbọ́ràn."

Síbẹ̀, ó ń gé e. Ó bọ́ iná iwájú, ó bọ́ iná ẹ̀yìn, ó yọ fèrè, ó yọ ojú kọ́kọ́rọ́. Ìdì wáyà tó tóbi bí apá ọmọdé rù títí ó fi ku èyí tó ń ta iná sí púlọ́ọ̀gì àti èyí tó ń pa ẹ́ńjìnnì. Òfin kan ló ní lẹ́nu iṣẹ́: wáyà tí kò bá tan gílóòbù ìdánwò rẹ̀, òkú ni.

Ẹyọ kan tún kù tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi aṣọ wé e nípọn, ó ti ara férémù lọ sára ẹ́ńjìnnì, kò débi bátìrì rárá. Ó fi gílóòbù kàn án. Gílóòbù kò tàn.

Ìyá Táyà, obìnrin tó ń fátẹ́gùn sí táyà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, fara ti òpó ẹnu ọ̀nà. "Rẹwáyà, ẹni tó wé e tó báyẹn, ó nídìí."

"Ìyá Táyà, ẹ máa fátẹ́gùn yín."

"Ṣé ẹnu ni mo fi ń fà á ni?"

Ìjì ti gun alùpùpù, ó ń wò ó bó ṣe fúyẹ́ tó. Rẹwáyà ki pìláyà bọ wáyà náà. Ó gé e.

Gbogbo nǹkan dákẹ́.

Ọ̀sán gangan ni, ọkọ̀ kún títì. Kò sí èyí tó dún. Ẹ̀rọ Ìyá Táyà ń gbọ̀n, kò dún. Ẹnu Ìjì ń là, ó ń pa dé, kò sóhùn.

Ẹ́ńjìnnì bú jáde. Bẹ́ẹ̀, lórí tábìlì ni bátìrì tí wọ́n yọ wà.

Alùpùpù náà fò, ó gbá Ìjì mọ́ ògiri, ó sì wó lé e. Táyà ẹ̀yìn ń yí lórí itan rẹ̀. Ó jẹ ṣòkòtò tán, ó jẹ awọ. Ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri, ó ta sójú Rẹwáyà. Rẹwáyà tẹ ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì. Kò kú. Ó fa púlọ́ọ̀gì yọ. Kò kú. Ó já ọ̀nà epo, epo ń dà sílẹ̀, ariwo ń pọ̀ sí i. Ó gbé òòlù. Ó ń lu ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń lu olè.

Inú ẹ́ńjìnnì ni ohùn Ìjì ti jáde: "Ẹ̀gbọ́n! Àyà mi lẹ ń lù!"

Òòlù bọ́. Rẹwáyà rí orí wáyà méjèèjì. Ó fẹ́ so wọ́n, wọn kò kan ara wọn mọ́. Wáyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ti súnkì. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀kan mú, ó fi tòsì di èkejì. Nǹkan tútù gba inú ara rẹ̀ kọjá. Kì í ṣe iná. Ó mọ iná.

Ẹ́ńjìnnì kú. Ariwo títì padà dé.

Ìyá Táyà wọ́ Ìjì jáde. Egungun ti yọ síta. Ó fi rọ́bà táyà dì í, ó wá wáyà tuntun, ó lọ́ ọ mọ́ orí méjèèjì.

"Ó ti so. Tú ọwọ́ ẹ."

Rẹwáyà tú ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì kò dún. Ìjì ló dún. Ẹ̀yìn rẹ̀ ká bí ọrun, àyà rẹ̀ ń kù hìì, èéfín yọ níhò imú rẹ̀.

"Dì í mú padà!"

Ó dì í. Ìjì mí.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, "kí lẹ gé?"

Wọ́n gbé Ìjì lọ sílé ìwòsàn, wọ́n to ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé àga wá fún Rẹwáyà nídìí alùpùpù ní ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ló ń sùn sí. Ìyá Táyà so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ wáyà náà, kó má baà tú lójú oorun.

Ìjì ń tiro wá báyìí, ó ń fi ṣíbí bọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó na ọwọ́.

"Ẹ jẹ́ n bá yín dì í díẹ̀."

"Má fọwọ́ kàn án."

"Ó ń dun yín?"

"Jẹ́ kí n jẹun."

Ìjì wo apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti orí ìka ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í dú, dúdú tó ń dán bí rọ́bà ara wáyà. Ó ti kọjá ìgbọ̀nwọ́.